Ọkọ̀ Oníbùsùn Tí Ẹ Fẹ́ Háyà Ní Èjìgbò

Tàwà, ọmọ Ràsákì,

Sìdí ló ń bá mi kọ ìwé yìí, Sìdí aránṣọ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wa níbí ní Ìsọlọ̀. O mọ̀ pé ìyá àgbà rẹ kò kàwé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, kó má sì fi oyin sí i. Bí mo bá ní òmùgọ̀, kó kọ òmùgọ̀. Ó ti ń rẹ́rìn-ín. Kó máa rẹ́rìn-ín, kó ṣáà máa kọ ọ́.

Mi ò lè bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù. Bàbá rẹ ló máa ń tẹ fóònù fún mi, á sì gbé ohùn rẹ̀ sókè pátápátá kí n tó gbọ́ nǹkan kan. Bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ló ń bá wa dá sí i, títí kan àwọn tó wá pọn omi lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ ọ títí àsìkò rẹ̀ á fi tó. Sìdí fúnra rẹ̀ ni yóò mú un wá fún ọ ní Òkòtá, á sì dúró tì ọ́ kí o kà á tán.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí, kí o má baà máa wá a kiri inú ìwé: mo fẹ́ bá yín lọ. Ọkọ̀ oníbùsùn tí ìwọ àti ọkọ rẹ fẹ́ háyà ní Èjìgbò yẹn, mo fẹ́ nà gbọọrọ sórí ibùsùn rẹ̀, kí ẹ gbé mi dé Ìsẹ́yìn, kí n rí ẹ̀gbọ́n mi Àwáwù. Àwa méjì ló kù nínú ọmọ ìyá wa. Etí rẹ̀ ti di, fóònù kò wúlò fún un mọ́. Orúnkún tèmi kò ká mọ́, ìjókòó ọkọ̀ kò gbà mí. Òun kò lè gbọ́ mi, èmi kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, ọjọ́ kan ni ẹnì kan yóò wá sọ fún ọ̀kan nínú wa pé èkejì ti lọ. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i nígbà tí òun náà ṣì lè rí mi.

Mi ò sọ ọ́ kí o lè sunkún. Bí o bá ti ń sunkún, nu ojú rẹ kí o máa kà á lọ. Iṣẹ́ pọ̀ nínú ìwé yìí.

Ọjọ́ Àìkú tí ìwọ àti Jímọ̀ ọkọ rẹ wá kí wa, tí ẹ ń fi àwòrán ọkọ̀ náà hàn wá nínú fóònù, o rò pé mi ò fọkàn sí i. Mo fọkàn sí i. Gbogbo ohun tí ọkọ rẹ sọ ni mo gbọ́. Ó ní, "Ẹ wò ó, Màmá. Ibùsùn nìyí, ibi ìdáná nìyí, tánkì omi nìyí. Ìsẹ́yìn o, Ọ̀yọ́ o, Abẹ́òkúta o, ibi tó bá ti wù wá la máa dúró sí, ibẹ̀ la máa sùn. Kò sí owó òtẹ́ẹ̀lì."

Bàbá rẹ wo àwòrán náà, ó ní, "Jímọ̀, ọkọ̀ yìí ti ń rìn kí wọ́n tó bí ọ. Ta ni yóò wà á?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ tó jẹ́ pé ọkọ̀ tí kì í lo jíà nìkan lo mọ̀ ọ́n wà?"

"Mo ti ń kọ́ ọ, sà."

"O ń kọ́ ọ. Orí ọmọ mi lo fẹ́ fi kọ́ ọ."

Ìgbà náà lèmi dá sí i. Mo ní, "Ṣé ibùsùn yẹn á gba ẹni tí kò lè ká orúnkún?" Bàbá rẹ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò lè jókòó nínú ọkọ̀ dé Òkòtá, ẹ wá ń sọ ti Ìsẹ́yìn." Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ tan ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ omi tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti wọlé. Ìwọ ò kíyè sí i. Èmi kíyè sí i. Kì í ṣe orúnkún mi ni bàbá rẹ ń sá fún. Màá sọ ohun tó ń sá fún bí mo bá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọkọ̀.

O ní owó tí ọkùnrin Èjìgbò tó ni ọkọ̀ náà ń gbà kò wọ́n. Kò burú. Nígbà tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ń ná ọjà òrí láti Òṣòdì lọ sí Ìsẹ́yìn, ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kò wọ́n làwa náà ń háyà. Ṣùgbọ́n ohun tí owó rẹ̀ bá kéré, nǹkan kan ló mú un kéré. Wá nǹkan náà rí kó tó wá ọ rí.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lọ wò ó. Ẹ má sọ fún un pé ẹ ń bọ̀. Kí ẹ tó kí ara yín tán, kí o ti gbé ọwọ́ lé ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Bó bá ti gbóná, ẹ jókòó, ẹ ní ẹ máa dúró kó tutù. Ọkùnrin kan wà ní Òṣòdì nígbà tiwa tó ní lọ́rì kan. Á ti tan án kí wọ́n tó pe ìrun òwúrọ̀, kí a tó fi máa dé, á ti máa dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Á ní, "Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀! Ẹ gbọ́ ohùn ọmọ mi!" Àwa náà á máa yọ̀ bí òmùgọ̀, a ó kó agbọ̀n wa sí i, a ó gùn ún. Ní ọjọ́ kan, a dé ẹ̀yìn Abẹ́òkúta, dírẹ́bà pa ọkọ̀ kó lè lọ tọ̀. Ó tán. Ohùn ọmọ kò jáde mọ́. Àwa obìnrin la so ìró mọ́dìí tí a tì í lórí òkè, ẹni tó lóyún nìkan la ní kó jókòó, òun náà sì ń sọ̀rọ̀ sí wa láti inú ọkọ̀ pé a ò tì í dáadáa. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ti gbóná lè tan ènìyàn jẹ. Nígbà tó bá tutù ló ń sọ òótọ́.

Bí ẹ bá tan án, kí Jímọ̀ dúró sẹ́yìn kó wo èéfín. Kí ìwọ wo ilẹ̀ tí wọ́n máa ń gbé e sí. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá dúdú, tó ń dán, ọkọ̀ náà ń jo ọ́ìlì. Bó bá jẹ́ pé yẹ̀pẹ̀ tuntun ni wọ́n da sí ibẹ̀, ó ń jo ọ́ìlì, ẹni tó ni ín sì ń purọ́.

Má bi í pé, "Ṣé ọkọ̀ yìí dára?" Ìbéèrè ọmọdé nìyẹn. Ta ló máa ní ọkọ̀ òun kò dára? Bi í bí a ṣe ń bi ìyá ọmọ tó ń ṣàìsàn: "Kí ló máa ń ṣe é?" Kò sí ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní àìsàn tirẹ̀. Èyí kì í fẹ́ òkè, èyí kì í fẹ́ òjò, òmíràn, bí ẹ bá pa á, kò ní jẹ́ kí ẹ tan án títí á fi sinmi. Bí ọkùnrin náà bá sọ àìsàn ọkọ̀ rẹ̀ fún ọ, tó sọ oògùn rẹ̀, ẹ háyà rẹ̀. Bó bá ní kò sí ohun tó ń ṣe é, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa bọ̀ nílé.

Kó sọ ẹni tó máa tún ọkọ̀ ṣe bó bá kọṣẹ́ lọ́nà, kó sì sọ ọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí. Ẹ ya àwòrán gbogbo ibi tó ti họ àti ibi tó ti tẹ̀ kí ẹ tó gbé e, kó má baà ní ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo táyà, ẹ sì wo táyà tí wọ́n gbé pamọ́. Òun gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí òun ni wọ́n máa ń gbàgbé láti purọ́ lé lórí. Ẹ béèrè jáàkì. Bó bá ní jáàkì wà, ní kó gbé ọkọ̀ sókè lójú yín. Igi gánganràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ó di orí ibùsùn. Bi í ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Nínú òmíràn nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e sí, ibùsùn á sì wà lórí rẹ̀ gan-an. Mo mọ ohun tí ooru ẹ́ńjìnnì ń ṣe, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá ọjà òrí rà fúnra mi, wọ́n ní kí n kó igbá mi sí ẹ̀yìn lọ́rì pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Mo ní rárá, ọ̀dọ̀ dírẹ́bà ni tèmi máa wà, níbi tí ojú mi á ti tó o. Ẹ́ńjìnnì ló wà lábẹ́ ibi tí mo kó wọn lé. Àgbà obìnrin kan nínú wa ní, "Ìyá Ràsákì, ibẹ̀ yẹn gbóná o." Mo ní kó fi mí sílẹ̀, mo ní ìlara ló ń ṣe é. A ò tíì dé Abẹ́òkúta tí òrí ti di omi. Ó ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí bíréèkì, ó ń pariwo pé, "Ta ló fẹ́ pa mí? Ta ló fẹ́ fi mí dín dùńdú?" Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, bí mo bá ń kọjá ní Òṣòdì, wọ́n á ní, "Ìyá Ràsákì, ṣé ti òní ò tíì yọ́?" Èmi náà á ní ti ìyá wọn ló ń yọ́.

Nítorí náà, ẹ tan ọkọ̀ náà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa, kí o wá dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn náà. Bí ẹ̀yìn tìrẹ bá gbóná, tèmi á yọ́. Ẹ wá nǹkan tó nípọn tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Sìdí ti wọ̀n mí. Ọ̀já aṣọ tó wà nínú àpò ìwé yìí, gígùn mi nìyẹn láti àtàrí dé gìgísẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì tí kò ká. Orí ilẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí kó lè wọ̀n mí. Ó ní, "Màmá, bí ẹni ń wọn òkú lèyí rí o." Mo ní, "Òkú kì í ní kí wọ́n gbé òun lọ kí ẹ̀gbọ́n òun. Wọ̀n ọ́n." Tẹ́ ọ̀já náà sórí ibùsùn. Bó bá gùn ju ibùsùn lọ, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ní àwọn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀já dé ibi tí Sìdí ta kókó sí, fífẹ̀ ìdí mi nìyẹn. Ẹ fi í wọn ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Má rẹ́rìn-ín, ìdí náà ló bí bàbá tó bí ọ.

Ẹ máa gbé àpótí kan dání tí màá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ gun ọkọ̀. Póò ìtọ̀ mi, èmi fúnra mi á gbé e dání. Jímọ̀ kò gbọdọ̀ tijú. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wa, ó ti fẹ́ póò wa.

Sìdí ní kí n sọ ti gáàsì. Mo bi í pé ta ló ń sọ ọ̀rọ̀, ta ló ń kọ ọ́? Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́, torí Ọlọ́run." Ó dáa. Ẹ má dáná nínú ọkọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, ẹ pa ẹnu sìlíńdà gáàsì pátápátá. Jímọ̀ tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ire-Àkárí mọ iṣẹ́ yìí: kó po ọṣẹ mọ́ omi kó ho, kó fi pa gbogbo ara rọ́bà rẹ̀. Ibi tó bá ti ń yọ ìfófòó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Inú Sìdí ti dùn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Èyí tó kàn, ti ìwọ àti ọkọ rẹ ni. Ìgbéyàwó yín ṣì tutù, ẹ ò tíì bá ara yín há mọ́ ibi kékeré rí. Ní Òkòtá, bí inú bá bí ọ, o lè lọ dúró ní báńkónì. Báńkónì kò sí nínú ọkọ̀. Èmi àti ọkọ mi, bàbá bàbá rẹ, jọ gun lọ́rì lọ sílé nígbà kan. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan dé, mo ní kí wọ́n dúró, mo fi ìbínú sọ̀ kalẹ̀ nínú igbó. Mo rò pé ó máa sọ̀ tẹ̀lé mi. Ọkọ mi ní kí dírẹ́bà máa lọ. Mo wo ẹsẹ̀ mi, bàtà mi wà nínú ọkọ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko ló fi mí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ dé ìlú tó kàn. Mo bá ọkọ mi níbẹ̀, ó ń jẹ ọsàn, ó ti bó tèmi sílẹ̀. Nítorí náà, Tàwà Àbẹ̀kẹ́, máa bínú, ṣùgbọ́n máa bínú pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fà má sì kọjá ibi tí ẹ bá ti dúró jẹun.

Ẹ má jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ bá yín lójú ọ̀nà. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, kí ẹ ti rí ibi tí ẹ máa dúró sí. Má wo ibi tó dára láti fi ya àwòrán, wo ibi tí ènìyàn wà: ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, ilé epo tí iná ń tàn. Kí ẹ tó pa ọkọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ kí àwọn àgbà ibẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ káalẹ́ o, àrìnrìn-àjò ni wá, ṣé a lè sun ibí?" Ọkọ̀ tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, gbogbo ènìyàn ló ń fura sí i. Ọkọ̀ tí àgbà kan bá ti kí pé "Ẹ káàbọ̀," ó ti di ọkọ̀ àdúgbò. Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Sìdí, kọ eléyìí kó hàn ketekete.

Jímọ̀ ní ibi tó bá wù yín lẹ máa sùn. Ní Ọ̀yọ́, ẹ sùn sínú ọkọ̀. Ní Abẹ́òkúta, ẹ sùn sínú rẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn, ẹ ò gbọdọ̀ sun ọkọ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni kí ẹ sùn. Páànù rẹ̀ ń jò, mo mọ̀. Yàrá rẹ̀ há, ẹ̀fọn wà níbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń lọ ṣe gáà, gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ẹ sùn síbẹ̀. Ẹni tó gbé ilé tirẹ̀ wá síwájú ilé rẹ, tó wọ inú rẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn, ohun tó ń sọ fún ọ ni pé ilé rẹ kò tó òun sùn. Kò ní láti la ẹnu.

Bàbá rẹ ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi lọ tan ẹ̀rọ omi.

O kéré nígbà náà, o ò lè rántí. Ó ṣì ń wa tírélà. Ó ń gbé ẹrù lọ sí ìhà Ṣakí, ó ní kí n bá òun lọ, a ó sun Ìsẹ́yìn, kí òun tó máa lọ láàárọ̀. Orúnkún mi ṣì ń ká nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé à ń bọ̀. Ó gbá yàrá, ó ra ẹní tuntun, ó tẹ́ ẹ sí àárín ẹní tèmi àti tirẹ̀. Rántí pé òun ló tọ́ bàbá rẹ nígbà tí mo ń ná ọjà kiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni bàbá rẹ wà tó fi mọ ọ̀rọ̀ sọ. A jẹun tán, bàbá rẹ ní òun fẹ́ lọ wo ọkọ̀. Kò padà wọlé. Inú ọkọ̀ ló sùn. Kò gbéraga. Bí àwọn dírẹ́bà ṣe ń ṣe nìyẹn, ibi tí ọkọ̀ wọn bá wà ni oorun wọn wà, ó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má jí bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹní tuntun yẹn ṣófo láàárín wa di òwúrọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ sínú àwo, ó gbé e jáde, ó gbé e lé ibi tí wọ́n ń tẹ̀ gun ọkọ̀. Ó rọra kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé olówó. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ará ọ̀nà. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹ wá jẹun kí ẹ tó máa lọ."

Ẹ. Ó ń pe ọmọ tó pọ̀n ní ẹ.

Bàbá rẹ fò bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀. "Ìyá mi, ẹ má bínú. Nítorí bátìrì ni."

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Àlejò wa kì í dọ̀bálẹ̀."

Kò pariwo, kò bú u. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Ìsẹ́yìn wá sí Ìsọlọ̀, iṣẹ́ tó máa ń rán sí wa ni pé, "Ẹ bá mi kí ará ọ̀nà." Bàbá rẹ á gbọ́, á wá iṣẹ́ kan ṣe. Kò tún dé Ìsẹ́yìn mọ́. Nígbà tí orúnkún mi wá kọṣẹ́, ó rí ohun tó máa fi bojú. Ó rò pé mi ò mọ̀.

Gba èyí lọ́wọ́ mi: ìjà tí wọ́n pariwo rẹ̀ máa ń tètè parí. Èyí tí wọ́n fi sùúrù jà ló ń pẹ́. Bí o bá ṣẹ ẹnì kan nínú ẹbí ọkọ rẹ, yára padà lọ bá a kó tó di orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́.

Nítorí náà, Jímọ̀ kọ́ ni yóò wa ọkọ̀ yẹn dé Ìsẹ́yìn. Bàbá rẹ ni. Ó wa tírélà títí tó fi fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, kò sì sí irú jíà tí kò tíì wà rí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí a bá dé Ìsẹ́yìn, ẹ fi àwa méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ̀yin máa gbé ọkọ̀ yín lọ sí Ọ̀yọ́ àti ibi tó bá wù yín. Jímọ̀ á ti mọ jíà nígbà náà. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ wá kó wa. Mi ò fẹ́ bá tọkọtaya du ibùsùn.

O máa ní bàbá rẹ á kọ̀. Òótọ́ ni. Bí ẹ bá bi í, á kọ̀. Ẹ ò ní bi í.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ nìyí. Jímọ̀ ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Má sọ fún un pé kò mọ ọkọ̀ wà. Sọ fún un pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, pé iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àna rẹ̀ ni kó jókòó, kó máa wo ọwọ́ rẹ̀ lórí jíà, kó sì fara da èébú. Èébú bàbá rẹ kì í pẹ́ ju Abẹ́òkúta lọ.

Lẹ́yìn náà, kí o pe ahunṣọ òfì tó ń gbé ọ̀ọ́kán ilé ẹ̀gbọ́n mi. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ, sọ fún ìyá rẹ pé aṣọ lo fẹ́ béèrè. Sọ fún ahunṣọ náà pé kó má wulẹ̀ pariwo sí ẹ̀gbọ́n mi létí, kò ní gbọ́. Kó gbé ẹní àlejò ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ sá sínú oòrùn lójú rẹ̀, kó sì nawọ́ sí ọ̀nà Èkó. Á yé e.

Ìyá rẹ, àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kó gbọ́. Ìyàwó dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí. Sìdí ti gbọ́ ná, mo sì ti mú un búra.

Bàbá rẹ ló máa gbọ́ kẹ́yìn. Ẹ gbé ọkọ̀ wá síwájú ilé lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀. Jímọ̀ àti Sìdí á gbé mi sínú rẹ̀. Nígbà tí mo bá ti dùbúlẹ̀, tí ọkọ̀ ti ń dún, kí o wọlé lọ bá a. Kúnlẹ̀ kí i, kí o ní, "Bàbá, Màmá ti wà nínú ọkọ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń lọ. Jímọ̀ ló máa wà á, àfi bí ẹ̀yin bá fẹ́ wà á." Lẹ́yìn náà, pa ẹnu rẹ mọ́. Á pariwo. Jẹ́ kó pariwo. Á jáde wá wo táyà. Bó bá ti lè wo táyà, ó ń bá wa lọ nìyẹn. Kò sí dírẹ́bà tí í bẹ̀rẹ̀ wo táyà ọkọ̀ tí kò fẹ́ gùn.

Bó bá wá bi ọ́ pé ibùsùn kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀ yìí, níbo lòun máa wá sùn, sọ fún un pé ẹní kan wà ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n tẹ́ fún un láàárín ìyá rẹ̀ méjèèjì. Kò tíì lò ó.